Ẹ tún ilé Bàbá ṣe kí ẹ tó gbé sólà lé e lórí

Arábìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ló kọ̀wé sí mi nípa ilé bàbá wọn ní Kabba. Ọdún 1976 ni bàbá náà kọ́ ọ: yàrá mẹ́jọ, ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, páànù lórí, wáyà ọjọ́un ṣì ni wọ́n ń lò. Ìyá wọn, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ló ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méjì. Iná NEPA ń wá, ó ń lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wà lẹ́yìn ilé, igi àti kẹrosíìnì sì ni Ìyá fi ń dáná. Oníṣẹ́ sólà kan dúró lójúde, ó wo òrùlé, ó ní kí wọ́n ra ínfátà 5kVA (ẹ̀rọ tó ń sọ iná páńẹ́lì àti bátìrì di irú iná NEPA), páńẹ́lì mẹ́jọ àti bátìrì olómi ńlá mẹ́rin. Àwọn àbúrò ọkùnrin ní AC gbọ́dọ̀ wọ pálọ̀. Ó wá béèrè pé: "Injinía, ṣé ilé àgbà báyìí lè bọ́ lọ́wọ́ epo bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì pátápátá? Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ká sì sanwó fún ọkùnrin yìí?"

Ọ̀kun o, arábìnrin mi. Ẹ bá mi kí Ìyá.

Ó ṣeé ṣe, ilé náà yóò sì tura ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé ohun tí ọkùnrin yẹn kà sílẹ̀ burú tán. Èyí tí kò dára ni pé kò wọ yàrá kankan kó tó dá iye. Kò béèrè ohun tí Ìyá ń tàn lálẹ́, kò tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wò, kò gun àjà. Ilé tuntun lè gba irú ìyẹn mọ́ra. Ilé 1976 kò lè gbà á. Nínú owó tí ẹ bá kó jọ, wáyà àti òrùlé ni kó kọ́kọ́ jẹ tiwọn, ohun tó bá kù ni ẹ ó fi ra sólà.

Wáyà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Rọ́bà tó bo kọ́pà inú wáyà kì í wà títí láé, pàápàá lábẹ́ páànù, níbi tí ooru ọ̀sán oṣù Kejì àti Kẹta ti ń bá a jà lọ́dọọdún. Ẹ pa iná láti ojú mítà, kí ẹ ní kí oníṣẹ́ iná tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní pálọ̀, kó sì rọra tẹ wáyà inú rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bí rọ́bà náà bá ń sán, tó ń já wẹ́wẹ́ bọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí: gbogbo wáyà ilé náà ló fẹ́ yíyọ. Ẹ tún ka wáyà tó wọ ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Bó bá jẹ́ méjì péré, kò sí wáyà ilẹ̀ nínú ilé yẹn rárá, ìyẹn èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní earth. Ọ̀pọ̀ ilé ìgbà náà ni kò ní in. Bí ara firíìjì bá gba iná lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ̀ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni iná yóò gbà lọ sílẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé iná sólà kéré, kò lè ṣe wáyà nǹkan kan. Irọ́ ni. Ínfátà 5kVA ń tú 230V jáde bíi ti NEPA, ó sì ń tú u jáde láti àárọ̀ dalẹ́. Wáyà tó ti ń sinmi fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́ nítorí pé kò sí iná kò ní sinmi mọ́. Àṣìṣe tó ti sùn sínú ògiri látọjọ́ pípẹ́, ìgbà yẹn ló máa jí.

Bí wọ́n bá ń fa tuntun, kí wọ́n lo kọ́pà tòótọ́: 1.5mm fún gílóòbù, 2.5mm fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ààrò iná. Kí wọ́n yọ àpótí fíúsì àtijọ́ kúrò, kí wọ́n fi bíréékà rọ́pò rẹ̀, kí ọ̀kan lára rẹ̀ jẹ́ èyí tó máa ń já fúnra rẹ̀ tí iná bá ń gba ara ènìyàn kọjá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ògiri yín nítorí páìpù wáyà. Ògiri amọ̀ kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Bí wọ́n bá fi kìsẹ́ẹ̀lì là á gbọọrọ, rírẹ́ tó wà lára rẹ̀ á ṣí, òjò á sì rí ọ̀nà wọlé. Kí wọ́n gbé wáyà gba inú páìpù onígun funfun tí wọ́n ń kàn mọ́ ojú ògiri. Mo mọ̀ pé kò wu àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n ògiri yóò wà láàyè.

Wáyà ilẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti Kabba dé Ògìdì, títí wọ Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, àpáta ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa. Oníṣẹ́ á gbá ọ̀pá kọ́pà wọlẹ̀, kò ní wọ̀ tó ìdajì, yóò sì gé èyí tó kù lórí kúrò kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀. Ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń gbá a. Bí àpáta bá dá a dúró, kí ó gbẹ́ kòtò gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kí ó tẹ́ kọ́pà tí kò ní rọ́bà sínú rẹ̀, kí ó so ọ̀pá méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ mọ́ ọn níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, kí ó sì fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí ilẹ̀ tó tutù nínú oṣù Keje máa ń gba iná dáadáa, àmọ́ nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ kan náà á gbẹ, kò ní gbà á mọ́. Mánàmáná oṣù Kẹta àti Kẹrin, tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ni ọ̀tá ínfátà jùlọ. Ẹ̀rọ kékeré tó ń dá àrá dúró wà tí wọ́n ń so mọ́ wáyà páńẹ́lì àti mọ́ wáyà NEPA. Bí kò bá sí wáyà ilẹ̀ gidi, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Òrùlé ńkọ́? Kí ẹnìkan gun àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti sikurudiráfà. Kó fi ẹnu sikurudiráfà gún igi òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ní pàtàkì ibi tí igi ti fara kan ògiri amọ̀, torí ibẹ̀ ni ikán máa ń gbà gòkè. Igi tó le kò ní jẹ́ kó wọlé. Bí ó bá wọlé, tí ìyẹ̀fun sì ń dà, ẹ pààrọ̀ igi yẹn. Páńẹ́lì oní-550W kan wúwo tó kílò 28, ó sì gùn ju mítà méjì lọ. Mẹ́rin rẹ̀ ti lé ní 110 kílò kí a tó ka irin tó gbé e dúró. Ìwúwo yìí gan-an kò tó nǹkan lójú ìjì: ìjì tó bá wọ abẹ́ páńẹ́lì yóò fẹ́ fa òun àti páànù sókè papọ̀. Nítorí náà inú igi òrùlé ni kí sikúrù wọ̀, kì í ṣe ara páànù nìkan. Ibi tó yọ sókè lára páànù ni kí wọ́n ti lu ú, kì í ṣe inú kòtò tí omi òjò ń gbà ṣàn, kí rọ́bà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí páànù bá ti dípẹtà dé ibi pé ẹ ń rí ìmọ́lẹ̀ láti inú àjà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lápá ibẹ̀ kí páńẹ́lì tó gun orí rẹ̀, kí ẹ má bàa tú gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Bó bá sì jẹ́ pé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ló wà lórí apá kan ilé náà, bíi ti àwọn ilé kan tí wọ́n kọ́ nígbà yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu u tàbí gé e. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń fa jẹjẹrẹ. Irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lágbàlá ni kí ẹ gbé páńẹ́lì lé nígbà náà.

Nípa ibi tí páńẹ́lì yóò kọjú sí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dẹ́rù bà yín. Kabba kò ju ìwọ̀n (dígírì) 8 lọ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Láti nǹkan bí ìdajì oṣù Kẹrin títí dé òpin oṣù Kẹjọ, apá àríwá ni oòrùn máa ń wà lọ́sàn-án gangan, àwọn oṣù yòókù ni ó ń wà ní gúúsù. Gúúsù ló dára jù, ṣùgbọ́n òrùlé tó kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn kò pàdánù púpọ̀. Kí páńẹ́lì dagun díẹ̀, bíi ìwọ̀n 10 sí 15, kí òjò lè fọ̀ ọ́. Òjìji igi ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Páńẹ́lì tí wọ́n so tẹ̀léra ń fa ara wọn sẹ́yìn. Òjìji ẹ̀ka máńgòrò lórí ẹyọ kan lè dín iná tí gbogbo wọn ń mú wá kù. Ẹ gé ẹ̀ka, ẹ má gé igi. Nígbà ọyẹ́, tí wọ́n bá ń jó igbó kiri, eruku àti eérú á bo páńẹ́lì. Ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní àárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú, kí ènìyàn má sì gun orí rẹ̀.

Ó wá kan iye tí ẹ nílò. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ jókòó ti Ìyá fún ọ̀sẹ̀ kan, kó máa kọ ohun tí wọ́n ń tàn àti wákàtí rẹ̀ sílẹ̀. Mo ṣe ìṣirò kan fún ilé bíi tiyín: gílóòbù LED mẹ́wàá oní-9W fún wákàtí 5 yóò jẹ 450Wh (Wh ni wáàtì tí ẹ̀rọ ń jẹ lọ́po wákàtí tó fi ṣiṣẹ́; 1,000Wh ló ń jẹ́ 1kWh). Fáànù òkè mẹ́rin oní-70W fún wákàtí 8, 2,240Wh. Tẹlifíṣọ̀n, 300. Firíìjì tó dára, bíi 1,200. Fóònù àti rédíò, 150. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, 750W, fún ogójì ìṣẹ́jú, 500. Gbogbo rẹ̀ kò tó 5kWh lójúmọ́. Bí ẹ bá ṣì ń lo gílóòbù àtijọ́ oní-60W, gílóòbù nìkan á jẹ 3,000Wh. Ẹ pààrọ̀ wọn lónìí, kódà kí ẹ tó ra páńẹ́lì kankan. Fáànù onímótò tuntun tó ń jẹ bíi 30W náà yẹ lára owó. Ẹ sì wo firíìjì Ìyá: ẹ há owó bébà sí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ tì í, ẹ fà á. Bí owó bá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti kú, ìta ni òtútù rẹ̀ ń lọ, ẹ ó sì máa ra páńẹ́lì fún afẹ́fẹ́.

Oòrùn tó ń ṣiṣẹ́ gidi lọ́dọ̀ wa tó wákàtí 5 lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n nínú oṣù Kẹjọ ó lè má ju 4 lọ. Oṣù Kẹjọ ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò. Lẹ́yìn tí a bá yọ ohun tí ooru, eruku àti ínfátà ń jẹ dànù, páńẹ́lì mẹ́rin oní-550W tó fún ilé yìí, kì í ṣe mẹ́jọ. Ti bátìrì, nǹkan bí 4kWh ni ẹ ó lò láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Bátìrì lithium kan, 48V 100Ah, tó gba bíi 5kWh, yóò gbé e. Bátìrì olómi mẹ́rin oní-220Ah tí ọkùnrin yẹn dárúkọ lè gbé e náà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ lò ó kọjá ìdajì, kí ẹnìkan sì máa bu omi sí i. Ìyá kọ́ ni yóò máa bẹ̀rẹ̀ bu omi sí bátìrì. Lithium onífọ́sífétì, èyí tí wọ́n ń kọ LiFePO4 sí lára, ni kí ẹ rà. Ó wọ́n jù lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rà á, ṣùgbọ́n ó lè lo ọdún mẹ́wàá níbi tí olómi ti máa ń kú ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún.

Ínfátà 5kVA tí ọkùnrin náà sọ, mo fara mọ́ ọn. Ẹ̀rọ omi máa ń fa iná ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ààrò iná sì ń bọ̀. Kó jẹ́ èyí tó ń gba sólà, NEPA àti jẹnẹrétọ̀ pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ìtò rẹ̀ hàn yín: bí iná NEPA yín bá máa ń wá ní 150V lálẹ́, ínfátà tí wọ́n tò fún 170V sókè kò ní gbà á, ẹ ó sì rò pé ó bàjẹ́. Ẹ má gé iná NEPA. Ní ọjọ́ tí òjò bá sú fún ọjọ́ mẹ́ta, òun ni yóò kún bátìrì.

Níbo ni bátìrì yóò wà? Ibí ni ilé amọ̀ ti ju ilé búlọ́ọ̀kù lọ. Ooru ń gé ọjọ́ ayé bátìrì kúrú, ògiri amọ̀ tó nípọn sì ń mú kí yàrá tutù lọ́sàn-án. Ẹ wá yàrá kékeré tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í kàn, tí fèrèsé wà, tí kì í ṣe yàrá tí ènìyàn ń sùn. Ṣùgbọ́n bátìrì lithium tó 45 kílò. Ẹ má ṣe gbé e kọ́ ògiri amọ̀, bóòlù kò ní dì í mú. Orí irin tó ga díẹ̀ nílẹ̀ ni kó dúró sí.

Ẹ̀yin àti àwọn àbúrò yín ni ọ̀rọ̀ AC kàn. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, kó máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án nìkan, kí wọ́n sì san owó páńẹ́lì méjì kún un. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ: kí oníṣẹ́ pín àpótí bíréékà sí méjì. Gílóòbù, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, firíìjì àti ẹ̀rọ omi wà lórí ínfátà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù àti ti firísà àlejò wà lórí NEPA àti jẹnẹrétọ̀ nìkan. Mo ń sọ èyí nítorí oṣù Kejìlá. Gbogbo ẹbí ń bọ̀ nílé, àwọn kan láti Èkó, àwọn kan láti Kàdúná, ẹni kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tirẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ ìsìn sì ni wọ́n máa ń lọ aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà. Áyọ́ọ̀nù mẹ́ta jẹ́ 3,000W. Bí ẹ kò bá pín in, ojú àlejò ni ilé yóò ti ṣókùnkùn. Ilé ẹbí ni. Ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó ni ẹ̀rọ náà, ẹni tí yóò máa bójú tó o, àti owó díẹ̀ tí ẹ ó máa dá lóṣooṣù sínú àpò kan de ọjọ́ tí bátìrì yóò fẹ́ pípààrọ̀. Mo ti rí ilé tí ọmọ kan ti ra gbogbo rẹ̀, tí ìjà dé, tó sì wá tú páńẹ́lì rẹ̀ lọ.

Nípa ìdáná, ẹ má fi ipá mú Ìyá. Èéfín igi àti ti kẹrosíìnì ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì tọ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkòkò iná tó ń sé èéhù mọ́ inú, tí wọ́n ń pè ní pressure cooker, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ààrò ńlá. Ó ń jẹ bíi 1,000W, àmọ́ tó bá ti gbóná, ó ń dákẹ́, ó ń padà tan. Ẹ̀wà tó ń jókòó lórí iná igi fún wákàtí méjì á jinná nínú rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Iṣu iyán náà á jinná nínú rẹ̀. Kó máa sè é láàárín aago mọ́kànlá àti aago méjì ọ̀sán, ìgbà tí páńẹ́lì ń mú iná wá tí bátìrì ti kún, kò sì ní náwó kankan. Bí ó bá fẹ́ràn rẹ̀, kí ẹ wá ra ààrò iná aláwo gíláàsì, kí ẹ sì fi páńẹ́lì méjì kún mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ fi àyè wọn sílẹ̀ lórí irin láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìkòkò òkú àti ti ìgbéyàwó yóò ṣì wà lórí igi lẹ́yìn ilé, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹ ṣírò jẹnẹrétọ̀ náà pẹ̀lú. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà kan sì kọjá 1,000 náírà ní 2024, ẹni tó bá fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ kékeré mú 5kWh wá lójúmọ́ yóò jó bíi lítà 4 tàbí 5. Ẹ fi ìyẹn lọ́po ọjọ́ ọgbọ̀n, kí ẹ fi hàn àwọn àbúrò tó ń sọ pé sólà wọ́n. Ẹ má tíì tà á, ṣùgbọ́n ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé, torí gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tó ń pa ènìyàn lójú oorun láìní òórùn tí ń ta ni lólobó.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe wáyà àti òrùlé. Kí ẹ tó pe oníṣẹ́ sólà padà, ẹ béèrè pé kó kọ ìwọ̀n wáyà, irú bíréékà àti ọ̀nà wáyà ilẹ̀ sínú ìwé iye rẹ̀, kì í ṣe iye páńẹ́lì nìkan. Páńẹ́lì mẹ́rin tí wọ́n so tẹ̀léra ń mú bíi 200V wá, iná tí kì í dúró fúnra rẹ̀ bó bá ti ń jó. Nítorí náà bíréékà DC, èyí tí wọ́n ṣe fún irú iná tó ń ti ara páńẹ́lì àti bátìrì wá, ni kó lò fún ọ̀nà páńẹ́lì, kì í ṣe ti inú ilé. Ẹni tó bá ní kò sí ìyàtọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tó bá parí, kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà, kó sì mú àwọn ọmọ-ọmọ méjèèjì wá síwájú rẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pa á kí wọ́n sì tún tan án, títí wọn yóò fi mọ bíréékà tí wọ́n máa kọ́kọ́ já bí wọ́n bá gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó.